Iṣu Tuntun Tí A Gbé Lọ sí Savalou

Ọjọ́ tí a lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Savalou, ìlú àwọn Mahi, kò lè kúrò lọ́kàn mi, nítorí inú ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ṣì ń bí mi.

Láti Bantè, ìlú wa, ni bàbá mi ti wa ọkọ̀. Laboko, iṣu tuntun tó dára jù lóko wa, kún ẹ̀yìn ọkọ̀. A kọ́kọ́ wo ààfin, a gun òkè, a ya fọ́tò, kí a tó dé ilé wọn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí à ń pè ní Tantí, dì mọ́ wa, ó gba iṣu, ó bu omi fún wa. Ló bá kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó fi èdè Mahi sọ pé: "Se iṣu ògbólógbòó yẹn fún àwọn ará oko yìí. Tiwa ni tuntun." Kò mọ̀ pé àwọn ọmọ Mahi ni mo ń bá ṣeré nílé ìwé.

Mo jẹ iṣu náà tán.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo fi Mahi sọ pé: "Ẹ ṣé, Tantí. Iṣu ògbólógbòó yín dùn. Àwọn ará oko ti yó."

Ọkọ Tantí wò ó títí, ó wọ ilé ìdáná, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó iṣu wa padà sínú ọkọ̀. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi wọ́n sílẹ̀, ó kọ̀.

Tantí ṣì máa ń wá kí wa ní Bantè. Iyán iṣu tuntun ni ìyá mi ń gún fún un. Èmi ni mo ń gbé e síwájú rẹ̀, Mahi ni mo sì fi ń sọ fún un pé: "Ẹ jẹun, Tantí. Tuntun ni."