Bí Mo Ṣe Fẹjọ́ Ara Mi Sun Inṣọ́ránsì

Ọdún kẹwàá nìyí tí mo ti ń san owó inṣọ́ránsì lórí ọkọ̀ tí kì í jáde. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń bù mọ́ ọn. Olùkọ́ ni mí. Agbassa, níbí ní Warri, ni mò ń gbé, ní òpópónà tí ọkọ̀ méjì ò lè pàdé kí ọ̀kan má fà sẹ́yìn fún èkejì. Kèké ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, òun náà ni mò ń wọ̀ lọ sọ́jà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń wa ọkọ̀ mi, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa bá ń ṣèpàdé ní Effurun, torí èmi ni mò ń gbé ìyá àgbà méjì tí ò lè gun kèké mọ́. Láwọn ọjọ́ yòókù, adìẹ aládùúgbò ló ń sùn lábẹ́ ẹ̀. Síbẹ̀, iye tí ẹni tó ń wakọ̀ lọ sí Benin lójoojúmọ́ ń san lèmi náà ń san. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí wọn lórí ẹ̀. Èsì kan ṣoṣo tí mo rí gbà ni pé wọ́n dúpẹ́ pé mo jẹ́ oníbàárà wọn.

Lọ́dún tó kọjá, mo já àwọn ìyá náà sílẹ̀ tán, mo wá fẹ́ yí ọkọ̀ padà nítòsí Deco Road. Bí mo ṣe ń fà sẹ́yìn, mo gbọ́ gbàà! Kèké kan tó dúró jẹ́jẹ́ ni mo lọ kọlù. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n iwájú kèké ti wọlé, táyà ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń wà á tó ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí fìlà, mo tẹ̀ ba.

"Oga, abeg, no vex. Na me. I no look back."

Àwọn èèyàn ti pé lé wa lórí. Ẹnì kan tó mọ̀ mí ní, "Teacher don confess!"

Bàbá oníkèké wo iwájú kèké, ó wò mí. "I don hear sorry. Na sorry I go take carry passenger?"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ní inṣọ́ránsì. Mo fa ìwé kan ya, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi, mo sì buwọ́ lù ú. Inú mi tiẹ̀ ń dùn díẹ̀. Ẹ wò ó, owó ọdún mẹ́sàn-án máa wúlò fún ẹnì kan.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní ọ́fíìsì inṣọ́ránsì, ohùn Ìjẹ̀bú ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ó ka ìwé tí mo buwọ́ lù, ó gbọ́wọ́ lérí.

"Dádì, ta ló ní kẹ́ ẹ kọ èyí?"

"Èmi náà ni."

Ó ṣí ìwé àdéhùn wa, ó fi ìka tọ́ka. Ó wà níbẹ̀ kedere: ẹni tó bá kọlu èèyàn kò gbọdọ̀ gbà pé òun jẹ̀bi kí ilé-iṣẹ́ tó sọ̀rọ̀. Èmi tí mo máa ń sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, n ò ṣí ìwé yẹn rí.

"Ṣé kí n wá jókòó sínú ọkọ̀," mo ní, "kí n máa wo àgbàlagbà tí mo kọlù, kí n má lè bẹ̀ ẹ́?"

"Bàbá tèmi náà á bẹ̀ ẹ́, sà. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò mọ irú ilé tí wọ́n ti kọ́ wa." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin ni wọ́n lè kọ̀ lóhùn. Ẹ jẹ́ kí oníkèké fúnra ẹ̀ kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ ẹ̀. Ìyẹn máa ṣòro fún wọn láti kọ̀."

Kò sáyè ìfàfalẹ̀. Kèké yẹn kì í ṣe ti bàbá oníkèké, díẹ̀díẹ̀ ló ń san owó ẹ̀. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò rówó san, oníǹkan á gba nǹkan ẹ̀. Mo lọ bẹ oníǹkan náà fún oṣù kan sí i, ó sì gbà. Mo wá sọ fún bàbá pé kó kọ̀wé sí inṣọ́ránsì. Lọ́jọ́ kejì, bàbá wá sílé mi, ó ní òun lè kàwé, ṣùgbọ́n òun ò mọ lẹ́tà kọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ̀wé ẹ̀sùn ta ko ara mi. Mo kọ ọ́ pé awakọ̀ náà ò wẹ̀yìn. Mo kọ ọ́ pé eruku bo gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀, torí kì í sábà wà á. Mo kọ ọ́ pé ọwọ́ ẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti gbé bírò sílẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń pariwo pé ẹni tí kì í wakọ̀ ò lè ṣèèyàn léṣe.

Bàbá ka ohun tí mo kọ, ó bú sẹ́rìn-ín. "Teacher, easy! You wan make dem hang you?"

"Na true I write."

Ó buwọ́ lù ú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n san owó àtúnṣe, kèké padà sójú títì. Ṣùgbọ́n wọn ò san ti ọjọ́ tí bàbá ò fi rí ṣiṣẹ́, wọn ò sì sọ ìdí ẹ̀. Lẹ́tà ìyẹn lèmi àti bàbá jọ ń kọ lọ́wọ́ báyìí.