Ikọ́ Ife Tí Oògùn Ò Ràn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí n'Íbàdàn nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge. Ó ti pẹ́ gan-an, àmọ́ nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi pé àná ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó máa ń dà bíi pé mo lá a lójú àlá ni.

Ní àwọn ọdún 1980 yẹn, táípíìsì ni mí ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Agbowó ni mò ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi Mùnírátù jọ háyà. Ọmọ Ṣakí ni àwa méjèèjì. Èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, òun ń kírun, a sì jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Aṣọ ló ń rán ní Mọ́kọ́lá. Nígbà tó yá, ó kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Apẹ́tẹ̀, ó ku èmi nìkan.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi fínra. Mo rò pé eruku ni. Ta ni kì í wúkọ́ nígbà ọyẹ́?

Àmọ́ ọyẹ́ lọ, ikọ́ ò lọ. Tó bá ti di ọ̀sán, ibà á rọra dé, wẹ́rẹ́ báyìí. Màá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, màá máa wo eruku tó ń fò lẹ́lẹ́ nínú ìtànṣán oòrùn. Ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá lójú títì á máa jìnnà sí mi, bí ẹni pé mo wà nísàlẹ̀ odò. Màá gbọ́ tí màmá mi ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé wa ní Ṣakí. Màá dáhùn! Ìyá onílé wa, Àlàájà, á sì yọjú, á bi mí pé ta ni mò ń dá lóhùn.

Ọjọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú áńkáṣíìfù mi ni mo sáré lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ikọ́ ife ni. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn láti máa lò. Mo lò ó o! Àlàájà fúnra wọn máa ń dúró tì mí títí màá fi gbé e mì.

Síbẹ̀, ṣe ni mò ń rù sí i. Aṣọ ò dúró lára mi mọ́. Ọ̀gá mi ní kí n máa lọ sinmi nílé, gbogbo wa la sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ní ọsibítù, wọ́n sọ fún mi lójú gbogbo èèyàn pé kí n yé parọ́, pé ó ní láti jẹ́ pé mò ń da oògùn nù ni. Èmi! Mo rìn jáde níbẹ̀, mo padà sílé.

Ilé ni mo wà tí Màmá Oyèdélé fi wá bá mi. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn wọn tutù bí omi àmù. Wọ́n ṣàlàyé pé ìjọba àpapọ̀ fẹ́ mọ ibi tí ikọ́ ife pọ̀ sí káàkiri orílẹ̀-èdè, àti ibi tí oògùn ò ti ràn án mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn aláìsàn láti ìlú dé ìlú, tí àwọn ń kó o lọ fún àyẹ̀wò. Mo wúkọ́ sínú ike kékeré kan fún wọn. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, pé kòkòrò ikọ́ ife kì í kánjú hù níbi àyẹ̀wò.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kí wọ́n tó padà wá. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ò parọ́. Kòkòrò tó wà láyà rẹ ti lágbára ju oògùn yẹn lọ. Bó o tiẹ̀ lò ó fún ọdún kan, kò ní ràn án."

Mo bú sẹ́kún. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kí ẹnì kan ṣoṣo gbà yín gbọ́?

Wọ́n wá bi mí pé ta ló ń wúkọ́ nítòsí mi kí tèmi tó bẹ̀rẹ̀.

Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Mùnírátù máa ń wúkọ́ nígbà tí a jọ wà, ó máa ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu rẹ̀. Ṣé ẹnu mi ni wọ́n á ti gbọ́ orúkọ ọ̀rẹ́ mi? Tí ará àdúgbò bá gbọ́, ta ló máa gbé aṣọ fún un rán mọ́?

Màmá Oyèdélé ní, "Kì í ṣe ẹni tí màá dá lẹ́bi ni mò ń wá o. Ẹni tó lè kú ni mò ń wá."

Ni mo bá wọ mọ́tò wọn, a kọrí sí Apẹ́tẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn! Òjìji Mùnírátù la bá. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní òtútù lásán ló mú òun. Màmá ò bá a jiyàn. Wọ́n kàn jókòó tì í, wọ́n ń bi í nípa aṣọ rírán. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ti fún un ní oògùn ikọ́ ife rí. Tí ara bá ti fúyẹ́, á pa á tì. Tó bá tún le, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò fẹ́ kí àwọn oníbàárà máa rí òun ní ọsibítù.

Ó wá wò mí lójú. "Ṣé èmi ni mo kó o ràn ẹ́?"

Mo ní, "Mùní, mi ò mọ̀. Dìde, ká jọ lọ."

Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ náà, wọ́n sì dá wa dúró sí wọ́ọ̀dù kan náà ní ọsibítù tó wà lórí òkè, bẹ́ẹ̀dì wa kọjú sí fèrèsé. Láàárọ̀, ìkùukùu á bo àwọn òrùlé páànù pupa tó lọ salalu nísàlẹ̀ òkè, títí ìlú á fi dà bí òkun. Oògùn tuntun tí wọ́n ń fún wa máa ń sọ ìtọ̀ di pupa bí omi osùn. Ọjọ́ tí Mùnírátù kọ́kọ́ rí i, ó figbe ta! Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un, ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, títí ikọ́ fi dá wa lẹ́kun.

Díẹ̀díẹ̀, ibà ọ̀sán ò wá mọ́. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ebi ń pa mí. Ebi gidi! Ẹ̀kọ àti àkàrà ni mo béèrè. Màmá Oyèdélé sọ fún wa pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tiwa wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn dókítà mọ̀ pé oògùn àtijọ́ ti ń kùnà lágbègbè wa, pé wọn ò ní máa pe aláìsàn ní òpùrọ́ kíákíá mọ́.

A lo oògùn wa parí, àwa méjèèjì. Mùnírátù ti di ìyá àgbà ní Olúyọ̀lé báyìí. Tó bá gun àtẹ̀gùn, mímí rẹ̀ a máa le díẹ̀, á dúró, èmi náà á dúró tì í.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: tí ara bá fúyẹ́, ẹ má tíì ju oògùn nù. Tí aláìsàn bá sì ní òun ń lo oògùn tí ara ò yá, ẹ kọ́kọ́ gbà á gbọ́ ná, kí ẹ wá ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti ṣe irú àìsàn tí aráyé ń sá fún rí? Ta ló jókòó tì yín nígbà náà? Ẹ dárúkọ wọn síbí, ká jọ ṣàdúrà fún wọn.