Ìkọ́kọrẹ́ Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ní Oregun

Ọdún kejìdínlógún rè é tí Shuaib ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì onírin ní Oregun. Àìní ìwé ẹ̀rí nìkan ni kò jẹ́ kó di súpáfáísọ̀. Nígbà tí ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP dé, tí wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni lé eṣinṣin, ọ̀gá pè é, ó ní: "Mú dìpúlómà rẹ wá kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kan wà níta tó ní i."

Ọdún mẹ́rin ni Shuaib ti fi ń lọ síléèwé ìrọ̀lẹ́ n'Ìkẹjà fún dìpúlómà ọlọ́dún méjì. Ìyanṣẹ́lódì jẹ ọdún kan, àwọn ológun ti ilé-ìwé pa, ọdún kan tún lọ. Iṣẹ́ àjọṣe kan ló kù. Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró, kó irinwó ìwé ìbéèrè tí àwọn òṣìṣẹ́ Oregun ti dáhùn fún Shuaib àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta mìíràn: kí wọ́n mọ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń jẹ lọ́sàn-án, kí wọ́n kà á, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mú ètò wá," Olúgbénró ní, "ibùsọ̀ ibùsọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ó dé ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Èyí ò le lójú Shuaib. L'Ógbòmọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí i sí, àáró ni bàbá rẹ̀ ń bẹ́gbẹ́ ṣe: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, ẹni tó loko ló ń bọ́ èèyàn. Nítorí náà: Sọ́ńdè mẹ́rin, ilé mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún ìwé nílé kọ̀ọ̀kan. Ó wá fi bírò pupa kọ òfin kan sísàlẹ̀: *Ẹran ò ní jáde kí ìwé tó tán.*

Òfin yẹn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Job, tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ nílé iṣẹ́ ọṣẹ, ló lóhùn jù, òun ló ń ka ìdáhùn sókè, àwọn yòókù ń fa ìlà. Nílé rẹ̀, ẹ̀wà wà lórí iná. Wọ́n parí kí oòrùn tó kanrí. Nílé Ọmọ́bọ́láńlé, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní GRA, ìrẹsì ni; wọ́n tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fàúsát, ará Ìjẹ̀bú tó ń ta bàtà, se ìkọ́kọrẹ́ tó kún fún ẹja gbígbẹ. Ogójì ìṣẹ́jú péré! Shuaib ń yin ara rẹ̀ nínú.

Sọ́ńdè kẹrin kan Shuaib, nílé rẹ̀ l'Ágége. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí òun kọ́kọ́ ro àwọn tó ti kọjá pọ̀. Ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́: ẹ̀wà, méjìdínlọ́gọ́ta. Èkejì: ìrẹsì, mọ́kànléláàádọ́rin. Ẹ̀kẹta: ìkọ́kọrẹ́, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fàúsát, ta ló ń ta ìkọ́kọrẹ́ ní Oregun?"

"Kò sí o, ẹ̀gbọ́n. Bó bá ń tà níbẹ̀, ṣé bàtà lẹ rò pé mo máa máa tà?"

Shuaib fa ìwé kan yọ, ó nà án sí Job. Òórùn dòdò tí ìyàwó Shuaib ń dín ti gba pálọ̀.

"Ka èyí."

"Dòdò, ẹ̀gbọ́n."

"Wò ó dáadáa."

"Dòdò àti..." Job tẹjú mọ́ ìwé. "Gààrí ni wọ́n kọ. Ojú mi rí gààrí o, imú ló já a gbà lẹ́nu mi."

Ọmọ́bọ́láńlé bú sẹ́rìn-ín. "Abájọ! Nílé mi, ìrẹsì, ìrẹsì ṣáá. Mo ní àwọn lébìrà yìí mà ń jayé!"

Shuaib ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ló ń rí lórí àga rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹun kí wọ́n tó kà, Job á sùn. Bí ebi bá ń pa á, á máa ka ẹran ewúrẹ́. Ìgbà náà ló rántí ẹ̀yìn ọgbà ilé iṣẹ́ wọn, níbi tí ilé iṣẹ́ gúlúù kan ti ń se egungun àti awọ màlúù tọ̀sán-tòru. Nítorí òórùn rẹ̀, igún gan-an kì í dúró níbẹ̀.

"Ẹ kó ìwé. Ó di Oregun."

"Dòdò ńkọ́?" Job béèrè.

"Dòdò ò ní kú."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ka irinwó náà látìbẹ̀rẹ̀. Job fi áńkáṣíìfù di imú. "Gààrí. Gààrí. Búrẹ́dì. Gààrí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Gààrí." Gààrí jẹ́ igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìkọ́kọrẹ́ jẹ́ ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n padà délé, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan dòdò. Àwọn ọmọ Shuaib ló jẹ ẹ́ tán.

Ní Jímọ̀, Olúgbénró gba iṣẹ́ náà, ó fimú fà á, ó sáré lọ ṣí fèrèsé.

"Kí lẹ fi ìwé yìí dì?"

"Ibùsọ̀ karùn-ún ni, sà," Shuaib dáhùn. "Kò sí nínú ètò tí a mú wá."

Olúgbénró nàwé jìnnà sí imú, ó kà á. "Ìkọ́kọrẹ́ ẹyọ kan? Ta nìyẹn?"

"Ọmọ ìlú wa ni, sà," Fàúsát ní. "Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń gbé e wá fún un."

Ìdúró ni Olúgbénró wà tó fi buwọ́ lù ú pé wọ́n yege. Nígbà tí lẹ́tà ẹ̀rí jáde, inú báàgì tí wọ́n fi kó ìwé lọ síbi gúlúù ni Shuaib fi í sí, ó gbé e tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ò kà á délẹ̀.

"Mo ti gbà, súpáfáísọ̀," ó ní, ó ti di imú mú. "Gbé e jáde."