Alágbàfọ̀ àti Ṣáláńgá Ilé Ìyá Rẹ̀

Ohun tí alágbàfọ̀ àdúgbò wa kórìíra jù láyé ni ìdọ̀tí, ìdọ̀tí náà ló sì ń bọ́ ọ. Bí o bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì lọ fún un, ìka méjì ni yóò fi gbà á, bí ẹni mú òkú eku ní ìrù. Yóò wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, yóò wo ọrùn ìwọ náà. Wàá wẹ̀ dáadáa kí o tó padà wá. Bí o bá gbàgbé owó sínú àpò ṣòkòtò, yóò bá ọ lọ owó náà pẹ̀lú aṣọ, yóò fi pínnì há a mọ́ aṣọ náà lára.

Obìnrin yìí ni àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń pè ní olè.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nígbà tó ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé, kọ́kọ́rọ́ àpótí ìyá wọn já bọ́ sínú ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ, wọ́n tilẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n pe káfíńtà, káfíńtà já àpótí, wọ́n wá òrùka wúrà ìyá wọn nínú rẹ̀ tì. Ta ló ń gbá yàrá ìyá? Àbíkẹ́yìn ni, alágbàfọ̀ wa yìí. Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní bàtà tuntun? Òun náà ni. Ẹjọ́ parí. Àǹtí wọn, àbúrò ìyá wọn, ní òun lòun ra bàtà fún un, wọ́n ní àánú ló ń ṣe é tó fi wí bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí alágbàfọ̀ bá ti wọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí wọn, ẹ̀gbọ́n yóò rọra gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga, yóò gbé e lé itan. Àwa tí a bá wà níbẹ̀ yóò máa wo òkè àjà. Ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, yóò fi òwe tì í lẹ́yìn: "Ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora." Aṣọ tirẹ̀ náà ńkọ́? Àbúrò rẹ̀ olè ló ń bá a fọ̀ ọ́, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá wọn kú. Wọ́n wó ilé, wọ́n ta ilẹ̀, ẹni tó rà á sì ti kó yanrìn jọ láti da kọnkéré lé gbogbo rẹ̀. Bí alágbàfọ̀ ti gbọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ bá bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe tẹ́lẹ̀. Bàbá yìí ní ẹ̀rọ kan tó ní ọ̀pá gígùn àti abọ́ pẹrẹsẹ nídìí, tí í ké bí irin bá wà nínú ilẹ̀. Ibi gbogbo tí wọ́n bá wó ilé sí ló ń gbé e lọ, ó ń wá owó ẹyọ ayé àtijọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ìrora ẹ̀yìn nìkan ló tíì rí gbé wálé.

Wọ́n dé ibẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀rọ ké, wọ́n gbẹ́ ẹ: ìṣó páànù. Ó tún ké: agolo sàdíìnì tí aáyán ti fi ṣelé. Bàbá rí owó ẹyọ kan tí wọ́n lu ihò sí láàárín, ó tutọ́ sí i, ó fi etí ṣòkòtò nù ún. Alágbàfọ̀ yíjú.

"Bàbá, omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì."

"Itọ́ ló mọ ojú owó, ọmọ mi. Níbo ni yàrá ìyá yín wà?"

"Kì í ṣe yàrá la bá wá, ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ já bọ́ sí ni." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ewéko ti tutù yọ̀yọ̀ ju ti ibòmíràn lọ.

Bàbá wo ewéko, ó wo aṣọ funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Ṣáláńgá? Ìwọ tí o kò lè wo itọ́ mi?"

Alágbàfọ̀ fi aṣọ di imú, ó gba ṣọ́bìrì. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀ bí ọṣẹ. Bàbá ní ohun tó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, erùpẹ̀ ló ti dà. Imú kò gbà á gbọ́. Aáyán tú jáde, wọ́n gun apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó bì, ó nu ẹnu, ó tún gbẹ́. Ìgò ọtí jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, ti bàbá wọn tí kò fẹnu kan ọtí rí. Abọ́ tánganran tí wọ́n ní ológbò fọ́ jáde. Ó ṣe kedere pé ológbò náà mọ̀ ọ́n kó pamọ́.

Ẹ̀rọ wá ké, ó ké kíkan. Kọ́kọ́rọ́ ni. Ìpáàrà ti jẹ ẹ́ dé egungun. Wáyà bàbà tí wọ́n fi so ó ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n lọ́ ọ pọ̀ bí ìyá wọn ti máa ń lọ́ ohun gbogbo. Lórí wáyà kan náà ni òrùka wúrà wà, ó ń dán bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Alágbàfọ̀ jókòó sórí òkìtì erùpẹ̀. Ọwọ́ ìyá wọn ló so àwọn méjèèjì pọ̀, etí rẹ̀ ló sì gbọ́ bí wọ́n ṣe já bọ́. Bóyá ó gbàgbé. Bóyá ojú ló tì í, tó wá rọrùn fún un láti jẹ́ kí wọ́n pe ọmọ ní olè.

"Ṣebí ohun tí ò ń wá nìyẹn," ni bàbá wí. "Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?"

"Òórùn ni, Bàbá."

Kò fọ̀ ọ́. Òun tí kì í fi aṣọ ọ̀tá sílẹ̀ láìfọ̀, ó gbé e bẹ́ẹ̀ dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwa àlejò ń bẹ ní pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wá awò ojú nínú báàgì; bó ti rí i, ó gbé báàgì náà lé itan, ẹnu báàgì ṣì là sílẹ̀.

"Kí lò ń rùn báyìí?"

"Ṣáláńgá ilé wa ni, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Ó mọ kọ́kọ́rọ́ náà. "Lórí wáyà kan náà?"

"Bí ìyá wa ṣe so ó."

Ẹ̀gbọ́n fi ìborùn bo imú. "Ó dáa. Ọlọ́run ti bá wa wá a rí. Má jẹ́ ká ba òkú lórúkọ jẹ́, jẹ́ kó mọ láàárín wa. Àkọ́bí ló sì ni òrùka ìyá. Lọ fọ̀ ọ́ kí o gbé e wá, iṣẹ́ rẹ ṣáà ni."

"Ẹ kò ní bẹ̀ mí?"

"Nítorí kí ni? Ṣé èmi ni mo sọ ọ́ síbẹ̀?"

Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì tó là sílẹ̀ náà dé ọrùn ọwọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́, wáyà àti òrùka síbẹ̀, ó fara balẹ̀ nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ inú báàgì.

"Ọwọ́ mi kò wọ báàgì yín rí, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Òní ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

Ó dìde, ó jáde. Ẹ̀gbọ́n bojú wo àwa àlejò. Òkè àjà ni gbogbo wa ń wò.