Ife Ewúro Ìyá Ìjọ

Òórùn ọsàn tó ti ń kan nínú páálí ni mo fi máa ń rántí àkókò tí ìyàwó mi lò kẹ́yìn lórí ibùsùn, nílé wa ní Òsí. Kì í ṣe ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa ni mò ń wí. Ìyẹn kì í rùn bẹ́ẹ̀. Bó bá bàjẹ́, a ó kó o dà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó parí. Jùúsì inú páálí ni, èyí tí àwọn àlejò ń gbé wá kí i, tí wọ́n ń tò sẹ́bàá ògiri títí yàrá fi dà bí ṣọ́ọ̀bù.

Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é. Dókítà tí a ń lọ bá ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin ti là á yé wa dáadáa. Ó ní omi èso inú páálí kò dára fún un, àti pé èyí tí a bá fún nílé pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ, nítorí bí a bá ti fún ọsàn bíi mẹ́rin sínú ife kan, a ti da ẹran ara rẹ̀ nù, adùn rẹ̀ nìkan la gbé mì. Kí ó jẹ ọsàn kan tẹran-tẹran, bí òùngbẹ bá sì ń gbẹ ẹ́, kí ó mu omi. Ìyàwó mi gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbo ewúro, tí ó ń sẹ́ ẹ, tí ó ń fi kùkúńbà díẹ̀ sí i. Bó bá mu ún tán, yóò rojú, yóò na ife sí mi: "Tíṣà mi, ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ mọ ohun tí ojú mi ń rí."

Olùkọ́ ni mí ní Odò-Ọwá nígbà náà, mo sì rò pé ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀ ti di òfin. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára káádì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn pé kí àlejò jọ̀wọ́ má gbé ohun mímu dídùn wọlé. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ṣú tí ìyàwó mi fi já a. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé òun ń lé àlejò ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹnìkan kì í fi ọwọ́ òfo lọ kí aláìsàn, aláìsàn kì í sì í kọ ohun tí a bá gbé wá. Ojú àlejò la ti ń ṣí i, ojú rẹ̀ la ti ń mu ún, kí ó lè mọ̀ pé a tẹ́wọ́ gba òun. Iṣu tàbí adìyẹ ni wọ́n ń gbé lọ nígbà èwe mi. Páálí jùúsì ló wá gba ipò wọn, nítorí ó dà bí ohun ọlọ́lá.

Ìyá Ìjọ wa ló wá ṣe olórí gbogbo wọn. Ẹni ọ̀wọ̀ ni nínú ìlú, òun ló sì ni ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà ilé wa, níbi tí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ra ohun tí wọ́n ń gbé bọ̀. Kì í fi tirẹ̀ rán ẹnikẹ́ni. Yóò wá fúnra rẹ̀, yóò gé ẹnu páálí, yóò bu ún kún ife, yóò sì jókòó ti ìyàwó mi títí ife náà yóò fi gbẹ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá ewúro lórí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹ so ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, ẹ ń já ewé fún un."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, dókítà ní kò gbọdọ̀ mu ohun dídùn."

Ó yí iwájú páálí náà sí mi. "Ẹ̀yin lẹ kàwé jù mí lọ. Kí ni wọ́n kọ síbí? Wọn ò fi ṣúgà kún un." Ó gbé ife lé ìyàwó mi lọ́wọ́. "Mu ún, ọmọ mi. Ohun kíkorò kì í ṣe oúnjẹ aláìsàn."

Bó ṣe ń wá nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí àwọn yòókù sì ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni egbò kékeré kan yọ lẹ́sẹ̀ ìyàwó mi, tó kọ̀ tí kò jinná. Nígbà tó máa fi di pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ àtigé ẹsẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ó sì kú. Dókítà kò sọ pé jùúsì ló pa á, mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó sọ ni pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ rárá ní gbogbo ìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Mo sì mọ ohun tó ń gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà náà.

Níbi ìsìnkú, Ìyá Ìjọ di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo èèyàn, ó ní kí n ṣọkàn gírí. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ nínú tèmi, mo ń rò ó pé ọwọ́ tó ń gé ẹnu páálí nìyí. Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, Màmá," mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè é.

Ìdúró náà pẹ́. Ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni a gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ara Ìyá Ìjọ kò yá, pé ìtọ̀ ṣúgà ni. Gbogbo ìjọ ń káàánú. Èmi jókòó sí àyè mi, nǹkan kan ń jó lábẹ́ àyà mi tí mi ò lè fi han ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a jáde ìsìn, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ gan-an, mo ra páálí kan, irú èyí tó máa ń gbé wá, mo sì forí lé ilé rẹ̀. Mo ti pinnu ohun tí mo fẹ́ ṣe: màá gbé e fún un, màá jókòó tì í, màá sì wò ó títí ife náà yóò fi gbẹ.

Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ gé páálí náà, ó bu ú sí ife, ó gbé e fún un. Ó wá ní, "Tíṣà, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ bá mi ka ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa bèèrè kí n tó mu ohunkóhun."

Mo ka lẹ́tà gàdàgbà iwájú rẹ̀ fún un: wọn ò fi ṣúgà kún un.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ó wí, ó sì gbé ife sókè.

Ohun tí mo ń retí ti dé. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wò ó, ó yé mi pé bó bá mu ún, tó sì ń mu ún lọ títí tó fi pa á, yóò kú láìmọ̀ pé òun ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọn yóò sin ín tayọ̀tayọ̀, wọn yóò yìn ín, èmi náà yóò sì dúró níbẹ̀ tèmi ti bàtà dúdú. Mi ò lè gba ìyẹn.

"Ẹ dúró, Màmá. Ó ṣẹ́ kù."

Mo yí ẹ̀yìn páálí náà síwájú, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́, mo ka iye ṣúgà tó wà nínú rẹ̀. Mo ṣe àlàyé fún un bí mo ti ń ṣe fún ọmọ iléèwé: òótọ́ ni pé wọn ò bu ṣúgà sí i, ṣùgbọ́n ọsàn ní ṣúgà tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ náà ló sì wà nínú ife yìí.

Ó wo inú ife náà. "Ṣé irú èyí náà ni mo máa ń gbé wá fún un?"

"Irú èyí náà ni. Ẹ máa ń dúró tì í títí yóò fi mu ún tán."

Ó gbé ife náà kalẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé e kúrò, mo ní kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí Màmá máa wò ó.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń gbo ewúro nílé, mo ń sẹ́ ẹ, mo ń gbé e lọ fún un. N kì í fi adùn kankan sí i, kùkúńbà pàápàá, mo sì máa ń bèèrè bóyá ó ti lo oògùn ọsibítù rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n gbé e síbẹ̀, òun yóò mu ún tó bá yá. Mo ní mo fẹ́ mú ife mi lọ. Ó mọ̀ pé òun kò lè kọ̀ ọ́ lójú mi. Ọmọ rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ ń tọ́jú Màmá ju àwa ọmọ lọ." Ara rẹ̀ ti le díẹ̀. Pásítọ̀ ti fi mí ṣe àpẹẹrẹ ìdáríjì lórí pẹpẹ, àwọn èèyàn sì bojú wẹ̀yìn wò mí. Wọ́n ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Èmi àti Ìyá Ìjọ nìkan la mọ irú èyí tí mò ń kí i. Mò ń gbàdúrà pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn, tọkàntọkàn ni mo sì ń gbà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mu ún dé ìdajì, ó dúró. "Tíṣà, ìgbà wo lẹ máa dá mi sílẹ̀?"

"Ẹ mu ún tán, Màmá."

Ó mu ún tán. Mo fi ọ̀kadà padà wálé, mo fọ ife náà, mo dà á dé. Ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo mọ̀ pé ìyàwó mi ìbá ti fòpin sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ìbá ní, "Tíṣà mi, ó tó." Ǹ bá sì gbọ́ tirẹ̀. Òun nìkan ni mo máa ń gbọ́ tirẹ̀ láyé.