Orúkọ Tí Màámi Wá Tì

Bí òjò bá rọ̀ sórí títì gbígbóná ní Houston yìí, tí òórùn ọ̀dà gba imú mi, ọ̀sán ọjọ́ ìdìbò kan ni mo máa ń rántí.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni màámi fi kan ilẹ̀kùn kiri ní Sharpstown, àdúgbò kan ní Houston, láti polongo ìbò fún obìnrin kan tó fẹ́ wọ Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́.

Lọ́jọ́ ìdìbò náà, èmi àti bàbá mi dúró sínú mọ́tò níwájú ibùdó ìdìbò, nítòsí ilé wa ní Missouri City, ìlú kan lẹ́bàá Houston. Màámi rọra rìn bọ̀ nínú òjò.

"Orúkọ obìnrin náà ò sí lórí ìwé ìbò mi."

Bàbá mi tẹjú mọ́ sítíárín. "Wọ́n ti tún ààlà ẹkùn ìdìbò fà káàkiri Texas. Àdúgbò wa ti bọ́ sí ẹkùn mìíràn."

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ó ti pẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

Mo ṣàwàdà pé kí màámi padà lọ fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ náà sórí ìwé ìbò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé oyún bàjẹ́ lára màámi lọ́dún yẹn, àti pé ẹ̀rù ń ba bàbá mi pé bí màámi bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ààlà náà, wọ́n á padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, màámi nu ojú wọn. "Ẹ wà wá lọ Sharpstown. Ẹkùn rẹ̀ ni ibẹ̀ ṣì wà, àwọn tó lè dìbò fún un ṣì wà nílé."

Títí ilẹ̀ fi ṣú ni bàbá mi ń gbé àwọn àgbàlagbà lọ dìbò, ìtìjú ohun tí bàbá mi fi pamọ́ ò sì jẹ́ kí wọ́n lè wojú màámi.