Bí Àṣàkẹ́, Ayékòótọ́ Mi, Ṣe Kú Lọ́jọ́ Jímọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti tó bí oṣù kan tí ẹ ti ń bèèrè Àṣàkẹ́ lọ́wọ́ mi. Abẹ́ gbogbo fídíò tí mo bá gbé síbí lẹ ti ń kọ ọ́: Àṣàkẹ́ wa dà? Mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò rí i ni. Lónìí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí mi ò lè máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àṣàkẹ́ ti kú. Àìsàn kọ́ ló pa á, olè kọ́ ló gbé e. Inú ilé mi níbí ló kú sí, ọwọ́ wa náà ló sì ti wá.

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Múínà lorúkọ mi, àdúgbò Fate ni èmi àti ìyá mi ń gbé ní Ìlọrin. Tíṣà ni mí, ṣùgbọ́n ayékòótọ́ lẹ fi mọ̀ mí. Àwọn tí èèyàn ti fìyà jẹ débi tí ìwà wọn fi dàrú, tí wọ́n ń géni jẹ, tí wọ́n ń pariwo láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí wọ́n ń fi àgógó ara wọn tu ìyẹ́ ara wọn. Wọ́n á gbé wọn wá bá mi, n óò sì máa tọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ títí ara wọn á fi balẹ̀. Dókítà ẹranko kan ló kọ́ mi.

Ọjà Ìpàtà ni mo ti rí Àṣàkẹ́. Alhaji kan tó ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo ló gbé e kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, nínú kéèjì tí kò gbà á láti na apá. Àwọn oníbàárà á yọ igi ìgbálẹ̀ kan, wọ́n á máa fi gún un ní ìhà pé kó sọ̀rọ̀. Sọ̀rọ̀ o! Sọ̀rọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ń fi igi gún ẹ̀yin náà ní ìhà, kí lẹ máa sọ? Wọ́n ti fa ìkóódẹ ìdí rẹ̀ tu ku méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló tu ti àyà, ihòòhò ni àyà rẹ̀ wà.

Ọjọ́ tó gé ọmọ oníbàárà kan lọ́wọ́ jẹ, Alhaji ní kí n máa gbé e lọ, ó ní ẹyẹ náà ti ya wèrè. Mo bi í pé, Alhaji, ta ló sọ ọ́ di wèrè? Ó rẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mi ò kí i pé ó dàbọ̀ kí n tó wọ kẹ̀kẹ́.

Ẹ ò mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń gba sùúrù tó. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tí mò ń ṣe kò ju kí n jókòó sílẹ̀ nínú yàrá ẹyẹ, kí n kẹ́yìn sí i, kí n máa jẹ ẹ̀pà. Ó tán! Kó lè rí i pé èèyàn lè wà nítòsí kó má gún òun nígi. Tó bá pariwo, mi ò ní wẹ̀yìn. Tó bá dákẹ́, n óò fi ẹ̀pà kan sílẹ̀ fún un, n óò sún kúrò.

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni a sábà máa ń fi kọ́ wọn láti tẹ̀lé nǹkan, ṣùgbọ́n tí Àṣàkẹ́ bá rí igi báyìí, á máa forí gbá kéèjì. Ṣíbí ni mo wá lò. Tó bá fi àgógó kan ṣíbí, ó gba ẹyìn kan. Mo tún ń so kùùkù àgbàdo mọ́ kéèjì kó lè máa rí nǹkan fà ya yàtọ̀ sí àyà ara rẹ̀. Àpá mẹ́rin ló fi sí mi lọ́wọ́, ẹ wá wò ó.

Mo tẹ òfin yàrá náà sínú ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Òfin mẹ́wàá, lédè Òyìnbó, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Mo yà á ní fọ́tò, mo gbé e síbí, ẹ yìn mí pé mo mọṣẹ́. Orí mi wú.

Ìyá mi nìkan ni kò yìn mí. Ọmọ Alfa ni, àárín ìlú ni wọ́n bí i sí, kò sì lọ ilé ìwé Òyìnbó rárá. Ẹ má fojú di í o! Ibi yòówù kí ẹ ṣí nínú Kùránì, á kà á fún yín, ó sì ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá sínú ìwé kékeré kan tó ń gbé sábẹ́ ìrọ̀rí. Láti ìgbà tí bàbá mi ti ṣaláìsí ló ti wà lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ tí mo gbé Àṣàkẹ́ wọlé, ó ní, "Subuhánálláhì! Múínátù, ọkọ ni mo ní kí o mú wálé, o wá lọ mú ẹyẹ wá!" Ó ní ariwo rẹ̀ ń da ìrun òun rú.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo ká a mọ́bẹ̀. Ó jókòó ti kéèjì, ó ń fi dàbínù bọ́ Àṣàkẹ́, ó ń bi í léèrè ṣé kò sí oúnjẹ ní Ìpàtà ni. Nígbà tó rí mi, ojú tì í, ó ní ilẹ̀ lòun wá gbá. Ilẹ̀ wo? Kò sí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀!

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Tí ìyá mi bá ń ké Kùránì láàárọ̀, Àṣàkẹ́ á dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tó sì máa kọ́kọ́ fọhùn, èmi tí mo ń fẹ̀jẹ̀ ọwọ́ tọ́ ọ, kò fi ohùn mi fọ̀. Ohùn ìyá mi ló fi sọ pé, "O ti jẹun?" Ó sì wúkọ́ díẹ̀ tẹ̀lé e, bí ìyá mi ṣe máa ń wú u gẹ́lẹ́. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ìyẹ́ ti bo àyà rẹ̀. Ó gun ọwọ́ mi fúnra rẹ̀, ẹ rí fídíò yẹn. Mo wá pe àwọn kan tí wọ́n ní ilé àwọ̀n ńlá lẹ́yìn Òkè-Òyì, níbi tí àwọn ayékòótọ́ ti ń kọ́ bí wọ́n á ṣe máa fò láàárín ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ ní òun á wá gbé e lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Àṣàkẹ́ máa fò! Ohun tí mo fi oṣù mẹ́jọ lé nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ náà, mo lọ sí Ìpàtà lọ ra ẹyìn tútù tó máa jẹ lọ́nà. Ọyẹ́ mú gan-an, eruku bo gbogbo ìlú. Mo ní mi ò ní pẹ́, àmọ́ mo lò tó wákàtí méjì.

Láti ẹnu géètì ni òórùn tùràrí ti pàdé mi. Ẹ̀yin ará Ìlọrin mọ òórùn yẹn, ọjọ́ Jímọ̀ ò pé nílé wa láìsí i. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ̀dọ̀fóró ayékòótọ́ ò gba èéfín rárá. Èyí tí èmi àti ẹ̀yin máa mí sínú tí a ó kàn sín lẹ́ẹ̀kan, ó tó pa wọ́n.

Ìyá mi yọ sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní kí n wá wo yàrá ọmọ mi. Ó ti fọ kéèjì, ó ti fọ ilẹ̀, ó ti ti gbogbo fèrèsé nítorí eruku ọyẹ́. Ó ní kí àlejò má bàa bá òórùn ìgbẹ́ ẹyẹ, òun gbé àwo tùràrí sí abẹ́ kéèjì, òun sì ti ilẹ̀kùn kí òórùn náà lè wọlé dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi ẹ̀yinná sí i. Ó ń wo ojú mi pé kí n kí òun.

Mo já ilẹ̀kùn. Àṣàkẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ kéèjì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń wá èémí. Mo fi híjáàbù mi wé e, mo sáré jáde. Ìyá mi tẹ̀lé mi, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. A bọ́ sínú kẹ̀kẹ́, mò ń pariwo mọ́ oníkẹ̀kẹ́ pé kó sáré. Ìyá mi ń ka Yáásínì, ó ń fọwọ́ pa orí ẹyẹ náà, ó ń bi mí pé, "Múínátù, kí ló ṣe é? Ṣebí ara rẹ̀ dá nígbà tí mo wò ó?"

Mo pe dókítà lórí fóònù. Ó bi mí bóyá èéfín wà nínú ilé. Ẹ wò ó, èdè Òyìnbó ni mo fi dá a lóhùn, kí ìyá mi tó jókòó tì mí má bàa gbọ́. A ò tíì dé ojú títì tí Àṣàkẹ́ fi kú lórí itan mi.

Ìyá mi tún bèèrè ohun tó pa á. Mo ní mi ò mọ̀.

A sin ín sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ọ̀gá ilé àwọ̀n yẹn dé, ìyá mi ló bu omi fún un, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé Ọlọ́run ló gba ohun rẹ̀. Èmi ò lè jáde sí i.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Mo rò pé mò ń ṣàánú ìyá mi ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dókítà pè mí pé ayékòótọ́ mìíràn wà nílẹ̀, èyí tó ń lu orí mọ́ ògiri. Mo fẹ́ kọ̀. Ìyá mi ló ní kí n gbà á. Ó ní òun ti mọ ohun tó pa Àṣàkẹ́: ojú ni. Ó ní èèyàn ti pọ̀ jù tó ń wò ó nínú fóònù mi. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ò ní gbà fún wọn. Ó ti ra tùràrí tuntun, èyí tó dára jù, òun á máa fi fín yàrá náà láàárọ̀ lálẹ́.

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Tí mo bá dákẹ́, á tún pa òmíràn. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á mọ̀ pé òun ló pa èyí àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ náà, mo jókòó tì í lórí ẹní, mo sọ ọ́. Ó ní, "O mọ̀ látilẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló dé tí n kò fi sọ fún òun. Èmi òmùgọ̀ yìí, mo nawọ́ sí ìwé ara ilẹ̀kùn! Mo ní ó wà níbẹ̀, òfin kẹrin, mo kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má rú èéfín.

Ó dìde, ó lọ dúró síwájú ìwé náà, ó wò ó pẹ́. Ó wá bi mí pé, "Ta lo kọ ọ́ fún?"

Ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ fún. Kí n má purọ́. Èèyàn méjì péré ló ń gbé nínú ilé yìí, mo wá kọ òfin tí ẹnì kan nínú wa ò lè kà, nítorí kó lè dára nínú fọ́tò.

Ó tún bi mí bóyá ó pẹ́ kí Àṣàkẹ́ tó kú, bóyá ó jìyà. Mo ní kò jìyà. Irọ́ ni, mo sì rò pé ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Láti ọjọ́ náà, kò sun tùràrí mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa sun ún níwájú ìta, pé ibẹ̀ ò lè pa ẹyẹ lára. Ó ní imú òun ò fẹ́ ẹ mọ́. Jímọ̀ wá ó sì lọ, ilé wa kàn rí bákan ṣáá.

Ẹ̀kọ́ wo ni kí n fà yọ fún yín? Tí ẹ bá ní ayékòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ sí tùràrí, kò gbọdọ̀ sí sítóòfù, kò gbọdọ̀ sí oògùn ẹ̀fọn tó ń rú èéfín nítòsí rẹ̀. Ohun tó sì tún ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ bá ará ilé yín sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó, ẹ fi ẹnu sọ ọ́, lédè tí wọ́n gbọ́, kí ẹ tó wá sọ ọ́ fún wa lórí fóònù. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí, kí ẹni tó fẹ́ràn nǹkan yín jù jẹ́ ẹni tó bà á jẹ́ láìmọ̀? Ṣé ẹ sọ fún un, àbí ẹ dákẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, n óò ka gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n máa lọ. Ẹyẹ tuntun ti dé láti àná, ìyá mi ò sì tíì wọ yàrá rẹ̀ rí. Ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó ń pè mí pé kí n wá gbóòórùn aṣọ òun wò, bóyá èéfín ṣì wà lára òun.